Omi Ìyá Oníkànga Ni Mo Fi Ṣe Sàráà fún Ìyá Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ Àsíátù ní Aboabo, ẹ sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì yín kalẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ tẹnu mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Mo gbé e mì títí, kò lọ, mi ò sì fẹ́ bá a wọ sàréè. Èmi Tèslìmù Bákàrè tí ẹ ń pè ní Ọ̀gá Olómi, tí ẹ máa ń ṣàdúrà fún lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, olè ni mí. Omi ni mo jí. Abẹ́ ilẹ̀ ni mo ti jí i, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò tó, lọ́wọ́ obìnrin tó wẹ̀ mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, mo sì fi ṣe sàráà fún ìyá tó bí mi. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán tí ẹ fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Ẹ sáà jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹni tí mo jà lólè ni Hàjíà Sàlámátù, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Oníkànga. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wọn àti ilé wa. Olóògbé ọkọ wọn, Àlùhájì Suleman, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, ló gbẹ́ kànga náà sáàárín àgbàlá, kó tó di pé wọ́n lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa kúrò ní Gánà. Nígbà tí àìsàn dá Àlùhájì dùbúlẹ̀, wọ́n pe Hàjíà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, wọ́n ní kó má ta omi kànga yẹn láéláé, kó má sì lé ẹni tó bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá, torí sàráà tí òun fi sílẹ̀ sáyé nìyẹn. Hàjíà di ọ̀rọ̀ náà mú. Bí omi ìjọba bá ti lọ, tó sì máa ń lọ dáadáa, gbogbo àdúgbò á tò sí àgbàlá wọn: Ashanti, Hausa, Dagomba, Yorùbá, wọn ò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Àmọ́ ẹnu wọn kì í sinmi. "Kofi, haba! Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó o fi po sìmẹ́ńtì lo gbé wá bu omi mímu? Kɔ hohoro mu!" Kofi á lọ ṣan án, á tún padà wá, àwọn náà ni wọ́n á sì bá a gbé e rù.

Àwọn ló wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi, torí ìyá mi ṣàìsàn lẹ́yìn ìkúnlẹ̀. Títí di àsìkò yìí tí irùngbọ̀n mi ti funfun, wọ́n ṣì máa ń sọ lójú àlejò pé bí mo ṣe máa ń han nígbà tí àwọn bá ń wẹ̀ mí, àwọn ará Sawaba, àdúgbò kejì sí wa, a máa rò pé wọ́n ń pa ewúrẹ́. Mo fẹ́ràn wọn gan-an. Mo ń sọ èyí gbangba kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́: ẹni tí mo fẹ́ràn ni mo ṣe báyìí.

Iṣẹ́ omi abẹ́ ilẹ̀ ni mo ń ṣe. Èmi ni wọ́n máa ń pè kí n wá sọ ibi tí wọ́n lè gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí, èmi náà ni mo sì ń ṣọ́ bí omi ṣe ń ga tó sì ń rẹlẹ̀ nínú àwọn kànga, láti Aboabo títí dé Ashanti New Town. Okùn ìwọ̀n kan wà tí a máa ń sọ sínú kànga. Bí orí rẹ̀ bá ti kan omi, á ké. Hàjíà sọ ọ́ ní Aláriwo. Bí ilẹ̀ wa ṣe rí nìyí: amọ̀ rírọ̀ ló wà lókè, ó ń fa omi òjò mu bíi kànrìnkàn. Àpáta ló wà lábẹ́ rẹ̀, omi sì ń gba inú àwọn ibi tó ti sán kọjá. Kànga tí a fọwọ́ gbẹ́ kì í kọjá amọ̀ òkè yẹn. Kànga ẹ̀rọ ní tirẹ̀ á lu àpáta, á wá omi lọ sí ojú ibi tó sán. Àwọn ènìyàn rò pé omi méjì ni. Níbi púpọ̀, omi kan náà ni. Bí ẹ̀rọ bá ń fà á gidi nísàlẹ̀, tòkè á máa ro lọ bá a, kànga tó wà nítòsí á sì gbẹ. Mo ti fi ẹnu ara mi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí láìmọye ìgbà, ẹnikẹ́ni ò lè gbà mí sílẹ̀ pé n kò mọ̀.

Ẹ mọ àṣà wa níbí. Bí òbí bá kú, ọmọ tí agbára rẹ̀ bá ká a á gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, á kọ orúkọ olóògbé sára táǹkì, kí láádá rẹ̀ máa dé bá a nínú sàréè. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ìyá mi, Àsíátù, fi ayé sílẹ̀, mo di ọwọ́ wọn mú, mo ní, "Màámi, a ó gbẹ́ omi tí yóò máa jẹ́ orúkọ yín." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Kó má jìnnà sí mọ́sáláṣí o, Tèslìmù, kí àwọn tó ń ṣe àlùwàlá lè máa rántí mi." Ọ̀rọ̀ yìí ló kó sí mi lórí. Hàkímù, àbúrò mi tó wà ní Jámánì, náà ní òun fẹ́ kó wà níbi tí ojú ti máa rí i.

Mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wo abẹ́ ilẹ̀ kiri àdúgbò. Ibi méjì ló dára. Ọ̀kan wà ní òpin pápá tó wà lódìkejì gọ́tà, ó jìnnà sí gbogbo kànga. Ìkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí, létí ògiri wa gan-an, ibi tó sán nínú àpáta náà sì gba abẹ́ ògiri kọjá sí ilé Hàjíà. Ká ní ilé ẹlòmíràn ni, pápá ni ǹ bá ní kí wọ́n lọ, ǹ bá tún bú ẹni tó bá jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ló máa rí orúkọ ìyá mi lódìkejì gọ́tà? Mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí. Omi tú jáde, a pariwo Allahu Akbar, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Nínú iṣẹ́ wa, a kì í fa kànga ẹ̀rọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ fi pọ́ǹpù fa omi rẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kí a sì máa wọn àwọn kànga tó wà nítòsí bóyá wọ́n ń rẹlẹ̀. Bí wọ́n bá rẹlẹ̀, a ó dín fífà kù, tàbí kí a kó ẹrù wa lọ síbòmíràn. Lọ́jọ́ yẹn, Hàjíà fúnra wọn gbé kókó àti kósé, ògì gbígbóná àti àkàrà, wá fún àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n bá mi di okùn mú lẹ́nu kànga wọn. Láàárọ̀, Aláriwo tètè ké. Lọ́sàn-án, mo tú okùn sí i. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, omi ti lọ sísàlẹ̀ tó gíga ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sílé ìwé.

"Aláriwo ti sùn ni?" Hàjíà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n wò mí, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Tèslìmù, me ba, ọmọ mi, ẹ̀rọ yín yìí, ṣé kò ní pa tèmi lára?"

Mo ní, "Rárá o, Hàjíà. Omi tiyín lọ́tọ̀, tiwa lọ́tọ̀. Ọyẹ́ ló ń fa èyí."

"To, alhamdulillah," ni wọ́n wí. Wọ́n gbà mí gbọ́ torí pé èmi ni. Lọ́jọ́ kejì tí pọ́ǹpù ti sinmi, mo lọ wọn kànga náà, omi ti padà sípò rẹ̀. Kò tún sí iyèméjì kankan mọ́ pé omi kan náà ni. Mo ká okùn mi, mo lọ sílé, mo jẹun.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ààwẹ̀ Ramadan bọ́ sínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ní àsìkò yẹn gan-an ni Hàjíà àti Adwoa jà. Adwoa ni obìnrin Ashanti tó ń ta kéńkì, ẹ̀kọ àgbàdo kíkan, lójú títì wa. Ó ju bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní òróró sínú kànga, òróró náà sì léfòó sójú omi. Hàjíà ti ń gbààwẹ̀, inú wọn ru, wọ́n gba bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n da omi inú rẹ̀ nù, wọ́n ní kó máa lọ. Wọn ò lé ẹnikẹ́ni rí títí di ọjọ́ náà. Adwoa gbé ọwọ́ sókè, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Mama, Onyame ahu," pé Ọlọ́run ti rí i. Ó sì lọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí, pọ́ǹpù wa ń fà láìsinmi, torí èrò àlùwàlá pọ̀. Kí ààwẹ̀ tó parí, bọ́kẹ́ẹ̀tì Hàjíà dé ìsàlẹ̀ kànga, ó bá ẹrẹ̀. Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Wọ́n ní ẹkún Adwoa ni, wọ́n ní Ọlọ́run ti gba omi lọ́wọ́ Ìyá Oníkànga. Àwọn tó ti ń mu omi yẹn láti kékeré ló ń wí bẹ́ẹ̀.

Hàjíà ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n jókòó sórí ẹní ìrun wọn, ojú wọn ti wọnú. "Ìwọ lo mọ̀ nípa omi. Má tàn mí. Ṣé torí omi tí mo dà nù ni?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí n lọ pa pọ́ǹpù fún ọjọ́ méjì péré ni gbogbo ohun tó kù fún mi láti ṣe, ojú wọn ni omi náà máa ṣe padà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rí orúkọ ìyá mi lára táǹkì, mo rí ojú àwọn ará mọ́sáláṣí, ojú tì mí sílẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ nǹkan. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: "Hàjíà, ẹ sáà máa tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run." Èmi tí mo jẹ̀bi ni mo ní kí aláìṣẹ̀ lọ tọrọ àforíjì.

Wọ́n sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé lẹ́yìn Ramadan, gbogbo ọjọ́ Àtìní àti Àlàmísì ni àwọn yóò máa gbààwẹ̀ títí omi yóò fi padà. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru! Wọ́n tún bẹ Kwasi agbẹ́kànga pé kó bá àwọn gbẹ́ ẹ jìn sí i. Mo ti mọ̀ kí Kwasi tó wọlé pé àpáta ni yóò bá. Ó jáde, ó gbọn ẹrẹ̀ nù, ó ní, "Mama, ɔbo nkoaa." Òkúta nìkan ni. Hàjíà wá ní kí n bá àwọn bo kànga náà, kí ọmọ ẹnikẹ́ni má baà kó sí i. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi po sìmẹ́ńtì. Bí mo ṣe ń tẹ́ kọnkéré náà, mo gbọ́ tí wọ́n ń bá ọkọ wọn tó ti kú sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Àlùhájì, ẹ má bínú. Èmi ni mo ba sàráà yín jẹ́." Mi ò gbé orí sókè. Mo tẹ́ kọnkéré náà dáadáa, ó dán.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnu ẹ̀rọ Màámi ni Hàjíà ti ń pọn omi. Wọ́n á tò bíi gbogbo ayé, ẹni tí gbogbo ayé ti ń tò sílé wọn rí. Bí omi bá ti kún, wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: "Kí Ọlọ́run fẹ sàréè Àsíátù, kó tan ìmọ́lẹ̀ sí i fún un. Tèslìmù, Ọlọ́run á bù kún ẹ, o ò jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ wá." Èmi á ní àmín. Ojoojúmọ́ ni mò ń ní àmín.

Hamdia, ọmọ-ọmọ Hàjíà tó ń tọ́jú wọn, wá bá mi lọ́fíìsì. Ó ní, "Uncle, Mama no dey chop koraa. Ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ààwẹ̀ gan-an, wọn ò jẹ nǹkan gidi. Dókítà ní kí wọ́n yé gbààwẹ̀, wọn ò gbọ́. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tiyín." Ibí ni mo ti burú jù, ẹ jẹ́ kí n má fi bò. Mo mọ̀ pé òótọ́ tí mo bá sọ ló máa dá ààwẹ̀ náà dúró, mo tún mọ̀ pé ààwẹ̀ náà lè pa wọ́n. Mo wo ọmọ náà lójú, mo ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n máa ṣe é bí agbára wọn bá ṣe mọ."

Ní Àlàmísì kan, Hàjíà ṣubú lẹ́nu ẹ̀rọ. Omi ṣì ń ṣàn lórí ọwọ́ wọn níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Èmi ni mo gbé wọn. Wọn ò wúwo rárá, bíi pé aṣọ lásán ni mo gbé. Nínú takisí, wọ́n la ojú, wọ́n ní, "Ta ni yìí? Tèslìmù? O ti ń gbé mi báyìí? Nígbà tí èmi gbé ẹ, o tọ̀ sí mi lára." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ nígbà náà pé bí obìnrin yìí bá kú, èmi ni mo pa wọ́n.

Wọ́n bọ̀ láti ọsìbítù. Nígbà tó di Àlàmísì tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ pé wọ́n tún ti gba ààwẹ̀. Mo wọlé tọ̀ wọ́n lọ lọ́sàn-án, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ẹní ìrun wọn.

"Hàjíà, omi yín ò lọ síbì kankan. Èmi ni mo mú un."

"Mú un lọ síbo?"

"Ó wà nínú táǹkì Màámi." Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, láti orí àpáta tó sán dé orí okùn tí a jọ dì mú. Mo ní, "Lọ́jọ́ tí ẹ bi mí, mo ti mọ̀. Ẹ dárí jì mí."

Tẹ̀súbáà dúró lọ́wọ́ wọn. "Adwoa ò ṣépè fún mi?"

"Kò ṣépè."

"Ọlọ́run ò bínú sí mi?"

"Kò bínú sí yín, Hàjíà. Èmi ni."

"Nígbà tí o ń po sìmẹ́ńtì, o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Wọ́n yíjú sí ilẹ̀kùn, wọ́n pe Hamdia. "Gbé kókó wá."

Ẹnu ya ọmọ náà. "Mama, ààwẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ní gbé kókó wá. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mò ń gbààwẹ̀ lé lórí, kì í ṣe tèmi."

Wọ́n mu kókó náà lójú mi, síbí kan lẹ́yìn èkejì, èmi wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Nígbà tí ó ku díẹ̀ nínú abọ́, wọ́n ní, "A jẹ́ pé omi tí mo ń pọn lẹ́nu ẹ̀rọ yẹn, omi Àlùhájì ni?" Mo ní omi kan náà ni. Wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n sunkún, wọ́n sunkún, ẹ̀rín sì gba inú rẹ̀ yọ. "Kai, Àlùhájì! Sàráà yín ò dúró. Àsíátù ló wá bá yín pín in." Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú. "Àdúrà tí mo ṣe fún ìyá ẹ, mi ò gbà á padà. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n ìwọ, dìde nílẹ̀, mi ò tíì dá ẹ lóhùn. Lọ bá Adwoa. Lẹ́yìn náà, kó o sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó gbọ́ pé èmi ni Ọlọ́run mú."

Mo lọ bá Adwoa nídìí ìkòkò kéńkì rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ei, Bra Tèslìmù! Gbogbo ìgbà yìí, ẹ̀rù ẹnu ara mi ló ń bà mí! Mi ò lè gba iwájú ilé Mama kọjá, mo rò pé ẹnu mi ló gbẹ kànga wọn." Ó di kéńkì àti ẹja, ó lọ sọ́dọ̀ Hàjíà. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra, wọ́n sunkún, nígbà tí wọ́n sì sunkún tán, wọ́n jókòó, wọ́n pawọ́ pọ̀ bú mi ní Twi àti Yorùbá. Mo wà lẹ́yìn ògiri, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá mọ ìdí tí ìlà fi gùn lẹ́nu ẹ̀rọ báyìí. Àárọ̀ nìkan ni a ń fa omi. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ẹ̀rọ ń sinmi, kí omi lè ráyè padà sókè. A ti fọ́ kọnkéré orí kànga Hàjíà. Omi ti ń dé díẹ̀díẹ̀, ó ṣì rú, kò tíì ṣe é bu. Èmi àti Hàkímù yóò gbẹ́ òmíràn sí òpin pápá, níbi tó yẹ kí n ti yàn látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú sùúrù fún ìlà náà, ẹ má sì fi ìbínú rẹ̀ kan ìyá mi. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ mi, ẹ ti gbọ́ irú ẹni tó ń kọ́ yín. Bí ẹnì kan bá dúró lẹ́nu kànga rẹ̀ tó bi yín pé ṣé ẹ̀rọ yín ò ní pa tòun lára, ẹ sọ òótọ́ fún un lójú ẹsẹ̀, kódà bí iṣẹ́ náà yóò bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ọjọ́ tí mo sọ "rárá o" yẹn, n kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré yẹn lè gbé arúgbó ṣubú.

Ní tèmi, Hàjíà ṣì ń pè mí láti ẹ̀yìn ògiri pé kí n wá bá àwọn yí gílóòbù, tàbí kí n wá wo fóònù tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì sọ pé àwọn dárí jì mí, mi ò sì láyà láti béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí Hàjíà bá ń gbọ́ tirẹ̀ nínú yín, kó jọ̀ọ́ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ọjọ́ Àlàmísì ni kó lọ, lọ́sàn-án, nígbà tí wọ́n bá ń jẹun lọ́wọ́.